Alárinà Ilé Búrẹ́dì

"Sọ fún bàbá ẹ pé ilẹ̀ ti mọ́."

Ilẹ̀ ti mọ́ lóòótọ́. Oòrùn ti gba ojú fèrèsé wọlé, ó ti tẹ́ ara rẹ̀ sórí tábìlì gígùn tí ìyá fi ń po fúláwà, ó sì ti gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá lọ bá bàbá níwájú ààrò. Nínú ilé yẹn, oòrùn nìkan ló lè ti ọ̀dọ̀ ìyá dé ọ̀dọ̀ bàbá láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ò gbọdọ̀ dán an wò. Ọ̀rọ̀ ní láti dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ọmọ wọn obìnrin gbà á lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́, kó yíjú, kó gbé e fún ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún.

"Bàbá mi, màmá ní ilẹ̀ ti mọ́."

"Sọ fún ìyá ẹ pé mo ti rí i."

"Màmá, bàbá ní àwọn ti rí i."

"Ṣé wọ́n rí i? Bi wọ́n bóyá wọ́n tún rí i pé iná ààrò wọn ti ń kú lọ."

Bí ìyá bá na ọwọ́ rẹ̀ láti ibi tó dúró sí, tí bàbá náà sì na tirẹ̀, díẹ̀ ló máa kù kí ìka wọn kan ara wọn lábẹ́ àtẹ́rígbà. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Bàbá a máa fi búrẹ́dì tó bá kọ́kọ́ jáde nínú ààrò sílẹ̀ sórí pákó kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn ní àràárọ̀, á fi aṣọ bò ó, á sì kọ ẹ̀yìn sí i. Ìyá á wá mú un jẹ, á ní, "Ta ló gbàgbé búrẹ́dì síbí?" Ẹni tó bá mọ ohun tí à ń pè ní ìfẹ́ yóò mọ̀ pé ìfẹ́ ò tíì kú nílé yẹn. Ó kàn ń yan odì ni.

Alárinà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọ náà. Níbi tí nǹkan ti ń lọ bó ṣe yẹ, alárinà a máa ṣáájú ìgbéyàwó ni. Á bá ọkùnrin sọ ti obìnrin, á bá obìnrin sọ ti ọkùnrin, títí ojú á fi mọ ojú. Tí ìyàwó bá ti wọlé, alárinà á gbọn aṣọ rẹ̀, á gba ilé rẹ̀ lọ. Ti ilé búrẹ́dì yìí ló yàtọ̀. Inú ìgbéyàwó gan-an ni wọ́n bí alárinà tiwọn sí, kò sì ní ilé mìíràn tó lè gbà lọ.

Iṣẹ́ búrẹ́dì kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń yan odì. Ìyá ló ń po fúláwà, tó ń gé e, tó ń kó o sínú páànù, tó ń fi aṣọ bò ó kó lè wú. Bàbá ló ni ààrò. Bí fúláwà bá wú tán kí ààrò tó gbóná, á rẹ̀ lulẹ̀ bí àpò tí wọ́n ti kó ọjà inú ẹ̀ tán. Bí ààrò bá gbóná tí fúláwà ò tíì wú, igi ló ń jó dànù yẹn. Nítorí náà, àtàárọ̀ dalẹ́ ni ẹni tó ń pò àti ẹni tó ń yan gbọ́dọ̀ máa pe ara wọn bí àfẹ́sọ́nà tuntun: ó ti tó, kò tíì tó, ní sùúrù, ó yá. Gbogbo "ó yá" yìí, gbogbo "ní sùúrù" yìí, ẹnu ọmọ ọdún méjìdínlógún kan ló ń gbà kọjá.

Ní òwúrọ̀ yìí, Alárinà ní ọ̀rọ̀ tara rẹ̀ láti sọ. Ìyẹn kì í sábà ṣẹlẹ̀. Aṣọ búlúù tó fi ń lọ síbi tó bá dára ló wọ̀ sábẹ́ aṣọ iṣẹ́ funfun tó so mọ́ iwájú. Aago méjì ọ̀sán ni Baba Onígíláàsì ní kó wá.

Baba Onígíláàsì ló ń fi òkúta lọ gíláàsì awò ojú ní ìsàlẹ̀ ìlú. Ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ló fẹ́ gbà lọ́dún yìí, ẹni méjì ló sì kù nínú àwọn tó ń wá a: Alárinà láago méjì, ẹlòmíràn láago mẹ́ta. Ó ti ṣàlàyé pé ẹni tó bá pẹ́ kó má wulẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ tí Alárinà kọ́kọ́ sin ìyá rẹ̀ lọ gba awò ojú níbẹ̀, ó rí gíláàsì kan tí kò tíì ní férémù lórí tábìlì, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ sára ògiri. Ọkàn rẹ̀ lọ láìdágbére. Àwọn ọmọge ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa rí ọ̀dọ́kùnrin, oorun á dá lójú wọn. Gíláàsì ni tirẹ̀. Tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ìyá ń sọ tirẹ̀ lápá ọ̀tún, tí bàbá ń sọ tirẹ̀ lápá òsì, ohun tó máa ń rí lọ́kàn ni òkúta ìlọ̀ tó ń yí, omi tó ń kán sí i díẹ̀díẹ̀, àti ènìyàn kan tó jókòó tì í tí kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

"Bàbá mi, òní ni mò ń lọ sọ́dọ̀ Baba Onígíláàsì."

Bàbá ń ti igi sínú ààrò. "Mo mọ̀. Kí ni ìyá ẹ sọ?"

"Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ bi yín."

"Sọ fún un pé èmi ò ní kó o má lọ. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ kó o lọ, kó fi ẹnu ẹ̀ yẹn sọ fún mi, ẹnu tó ń mú bí abẹ."

Alárinà yíjú. "Màmá, bàbá ní àwọn ò kọ̀. Wọ́n ní inú àwọn á dùn tí ẹ bá lè bá àwọn sọ ọ́."

Ìyá gbá fúláwà mọ́ tábìlì. "Inú wọn á dùn. Sọ fún bàbá ẹ pé èmi gan-an ni mo ní kó o lọ. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì ilé ìwòsàn ló wà nílẹ̀ yìí, àwọn aláìsàn ló fẹ́ jẹ ẹ́ lálẹ́. Tí wọn ò bá sọ fún mi pé àwọn lè yan án láìsí ẹ, báwo ni mo ṣe fẹ́ tú ẹ sílẹ̀? Sọ fún wọn pé orí wọn ò pé."

Ìyá kì í bú ọkọ rẹ̀ láìfi ọ̀wọ̀ sí i. Láti ìgbà tí odì yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì ṣèèṣì pè é ní "ó" lẹ́ẹ̀kan. Orí wọn ni kò pé. Àwọn ni wọ́n ya òmùgọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó dára ló ti kẹ́kọ̀ọ́.

"Bàbá mi, màmá ní ó dáa kí n lọ. Búrẹ́dì ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n ń rò."

"Kò bú mi?"

"Wọn ò bú yín, sà."

Bàbá dúró díẹ̀ pẹ̀lú igi lọ́wọ́. "Bóyá ara ẹ̀ ò yá," ó wí, ojú rẹ̀ sì jọ ti ẹni tí wọ́n fi nǹkan dù.

Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rán Alárinà níṣẹ́ ẹrú, ojoojúmọ́ ló sì ń fi tọmọ jẹ́ ẹ, tó fi jẹ́ pé ìyá rò pé ọkọ òun kàn ń ṣagídí ni, bàbá sì rò pé ìyàwó òun kàn ń ṣakọ ni. Kò sẹ́ni tó ní nǹkan gidi láti bínú sí nínú àwọn méjèèjì. Bóyá ìdí nìyẹn tí ìbínú náà ò ṣe tán.

Ohun tó fà á, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá bi ìyá, á ní, "Ẹ bi bàbá ẹ̀." Bí wọ́n bá bi bàbá, á ní, "Ìyá ẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi." Àwọn méjèèjì á wá kọjú sí Alárinà, bí ẹni pé òun ló yẹ kó rántí.

Nígbà tí oòrùn ti ń mú díẹ̀, Ìyá Télọ̀ tó ń ránṣọ ní ilé kejì wọlé wá ra búrẹ́dì, okùn ìwọnṣọ rẹ̀ wà lọ́rùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti ń bára yín sọ̀rọ̀, àbí kí n ṣì máa bá ọmọ yìí sọ ọ́ ná?"

"Ìyá Télọ̀, búrẹ́dì lẹ wá rà," ni ìyá wí.

"Búrẹ́dì ni. Ẹ fún mi ní èyí tí ìbínú ò tíì jó." Ó rọra súnmọ́ Alárinà, ó fa etí aṣọ búlúù tó yọ jáde lábẹ́ aṣọ iṣẹ́. "Òní kọ́ yìí?"

"Òní ni, mà."

"Wọ́n ní kó o lọ?"

"Àwọn méjèèjì ní kí n lọ."

"Kí ló wá dì ẹ́ mú?"

"Wọn ò tíì sọ ọ́ fún ara wọn."

Ìyá Télọ̀ wo ìyá, ó wo ẹ̀yìn bàbá, ó tún wo ìyá. Ó ní, "Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí ọkọ bá mojú aya tán, ṣé alárinà kì í yẹ̀ba ni?"

"Ẹ bi bàbá ẹ̀."

"Mi ò ní bi wọ́n. Ẹ̀yin ni mò ń bi. Lọ́jọ́ tí ibà dá ọmọ yìí dùbúlẹ̀, tó ń gbọ̀n bí ewé, ẹ̀yin méjèèjì lẹ gbé ẹní ẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà yìí. Ó sùn nílẹ̀, ó ń jíṣẹ́ fún yín. Mo rí i. Ojú fèrèsé mi ni mo wà."

"A fi aṣọ bò ó," ni ìyá wí.

"Ẹ fi aṣọ bò ó." Ìyá Télọ̀ gba búrẹ́dì rẹ̀, ó nawọ́ sí páànù tó tò sórí tábìlì. "Fúláwà náà, ẹ fi aṣọ bò ó."

Ìyá ń fi ìka kan ti fúláwà tó wà níwájú rẹ̀, ó ń tì í, ó ń padà sípò, ó tún ń tì í.

Láti ẹ̀yìn, bàbá pariwo pé, "Bi ìyá ẹ ta ló ń bá sọ̀rọ̀."

"Ìyá Télọ̀ ni, sà."

"Sọ fún ìyá ẹ pé kó sọ fún Ìyá Télọ̀ pé mo kí wọn."

Ìyá Télọ̀ ò dúró gbà á. Ó ti jáde.

Ọ̀sán ti pọ́n kí Aunti Ìdílé tó dé. Ọ́fíìsì kan ló ń rán an káàkiri ilé tí ọ̀dọ́ bá wà, kó máa ran àwọn òbí lọ́wọ́ kí ọmọ wọn lè yanjú. Ọ̀dọ́bìnrin tó mọ́ tónítóní ni, bàtà rẹ̀ ń dán, ó gbé báàgì ńlá kan kọ́ èjìká. Kì í sọ gbólóhùn méjì láìpe ìdílé ní ọ̀kan. Àdúgbò ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó wá kẹ́yìn, ó gbé iṣẹ́ àṣetiléwá sílẹ̀ fún wọn: kí tọkọtaya máa sọ ohun rere kan fún ara wọn lójúmọ́.

Ó jókòó sórí àpótí tí ìyá nù fún un. "Ẹ kú ilé o, ìdílé mi. Báwo ni iṣẹ́ àṣetiléwá wa?"

"À ń ṣe é," ni ìyá wí. "Bi bàbá ẹ bóyá a kì í ṣe é."

"Bàbá mi, màmá ní ṣé ẹ kì í ṣe é?"

"À ń ṣe é dáadáa. Àná ni mo ní ọwọ́ ẹ̀ mọ́."

Inú Aunti Ìdílé dùn. "Ìyẹn dára púpọ̀, Bàbá. Ta lẹ sọ ọ́ fún?"

Bàbá na ọ̀pá ààrò sí ọmọ rẹ̀. "Òun."

Aunti Ìdílé wo Alárinà, ó wo ìyá. "Ṣé ẹ gbọ́ ọ, Màmá?"

"Wọ́n jẹ́ ẹ fún mi."

"Ó dáa. Ó dáa." Kò dà bí ẹni tó dá a lójú pé ó dáa. "Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ọ̀dọ́ wa. Ìdílé tó bá mọ ọmọ rẹ̀ ni ọmọ ẹ̀ máa ń yanjú. Ẹ̀yin òbí, kí ni ọmọ yín fẹ́ràn jù láyé?"

Bàbá ronú. Ó gbé ọ̀pá sílẹ̀ kó lè ráyè ronú. "Èmi," ó wí. "Sọ fún ìyá ẹ pé mo fẹ́ràn ẹ jù ú lọ, ìdí nìyẹn."

Alárinà yíjú sínú ilé. Ohùn tí ó fi sọ ọ́ dà bíi ti ẹni tó ń ka orúkọ ibùdókọ̀. "Màmá, bàbá ní àwọn fẹ́ràn mi jù yín lọ."

"Sọ fún wọn pé èmi ni mo gbé oyún ẹ. Àwọn ò gbé nǹkan kan rí tó ju páànù búrẹ́dì lọ."

"Bàbá mi, màmá ní àwọn ló gbé oyún mi."

"Sọ fún un pé ta ló gbé e dé ilé ìwòsàn?"

"Màmá, bàbá ní ta ló gbé yín dé ilé ìwòsàn."

"Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn débẹ̀. Sọ fún wọn. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì, pẹ̀lú ìwọ nínú."

"Bàbá mi, màmá ní ẹsẹ̀ ni a fi rìn, èmi àti àwọn."

Aunti Ìdílé gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Kò sẹ́ni tó wò ó. Ó dìde, ó rìn dé ẹ̀gbẹ́ Alárinà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Jọ̀ọ́, sọ fún bàbá ẹ pé kí wọ́n súnmọ́ ibí díẹ̀, ká lè jọ sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìdílé."

"Bàbá mi, Aunti ní kí ẹ súnmọ́ ibí."

"Sọ fún wọn pé iná wà nínú ààrò."

Aunti Ìdílé gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Bàbá ò jìnnà sí i ju bí ènìyàn ṣe lè ju bọ́ọ̀lù fún ọmọdé lọ. Síbẹ̀ ó dúró, ó ń wo ẹnu Alárinà.

"Aunti, bàbá ní iná wà nínú ààrò."

"Mo gbọ́," ni Aunti Ìdílé wí. "Sọ fún wọn pé mo dúpẹ́."

Alárinà wo aago ògiri. Bí kò bá wọ ọkọ̀ tó ń bọ̀ yìí, kò lè bá aago méjì nílé Baba Onígíláàsì mọ́. Lórí tábìlì, aṣọ tí wọ́n fi bo fúláwà ilé ìwòsàn ti ń gbé sókè díẹ̀díẹ̀ bí ikùn aboyún. Láìpẹ́ ìyá á ní ó ti tó. Ẹnìkan á ní láti sọ fún bàbá.

"Aunti," ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, kí ni iṣẹ́ yín gan-an?"

"Láti ran ìdílé lọ́wọ́, kí ọ̀dọ́ lè yanjú."

"Èmi ni ọ̀dọ́ náà."

Ó tú aṣọ iṣẹ́ funfun lára rẹ̀, ó sì so ó mọ́ ìdí Aunti Ìdílé.

"Rárá, rárá. Òfin ọ́fíìsì wa ni pé a ò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ inú ilé."

"Kí lẹ wá ń ṣe nínú ilé?" ni ìyá bi í.

"Bi wọ́n," ni bàbá náà wí láti ẹ̀yìn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà pípẹ́, ìbéèrè kan náà ni àwọn méjèèjì ń bi.

"Ibí lẹ máa dúró," ni Alárinà ń wí, ó ń tì í díẹ̀díẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹsẹ̀ kan nínú ilé, ẹsẹ̀ kan níta. Tí màmá bá ní ó ti tó, ẹ yára sọ ọ́, ìyẹn kì í dúró. Tí bàbá bá ní ó ti gbóná, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ má jókòó."

"Ìyẹn ò le."

"Ó ku èyí tó le," ni Alárinà wí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti fọn fèrè ní ìkóríta. Ó já báàgì rẹ̀ lára ìṣó.

Ìyá ò dí i lọ́nà. Ó kàn ń wo aṣọ búlúù náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ọmọ òun ní èjìká. "Bá mi kí Baba Onígíláàsì," ó wí.

"Bá èmi náà kí wọn," ni bàbá wí. Lẹ́yìn náà ó yọjú wo ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó rí i pé ènìyàn ni, kò sì béèrè nǹkan kan. "Ẹ sọ fún un pé kó gbé páànù àkọ́kọ́ wá."

Bí Alárinà ṣe ń sáré lọ, ó gbọ́ ohùn Aunti Ìdílé lẹ́yìn rẹ̀, ohùn jẹ́jẹ́ tó kọ́ ní ọ́fíìsì: "Màmá, Bàbá ń ní ìmọ̀lára pé ó yẹ kí páànù àkọ́kọ́ máa bọ̀."

Ìsọ̀ Baba Onígíláàsì kéré, ó tutù, ó sì dákẹ́. Férémù ló kọ́ gbogbo ara ògiri, láìní gíláàsì nínú, bí ojú tí kò tíì pinnu ohun tó fẹ́ wò. Arúgbó náà jókòó lẹ́yìn òkúta ìlọ̀ rẹ̀. Aago ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lu méjì.

"Ẹ káàsán, sà. Bàbá mi ní kí n kí yín. Màmá mi ní kí n kí yín."

"Mo kí wọn. Wọlé." Ó fún un ní férémù kan àti gíláàsì méjì tí wọ́n fẹ̀ ju ojú férémù lọ. "Lọ ọ̀kan títí á fi wọlé. Má yára."

Alárinà jókòó. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ pákó ìsàlẹ̀ òkúta náà, òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í yí, omi ń kán sí i. Ó fi etí gíláàsì kan òkúta, ó sì gbọ́ ohùn kan tó tín-ín-rín, tí kò béèrè pé kí ó gbé òun lọ síbì kankan. Ó lọ̀ ọ́, ó wò ó, ó tún lọ̀ ọ́. Ara rẹ̀ rọ̀. Nígbà tí gíláàsì náà wọ inú férémù, kò gbọ́ ju ìró kékeré kan lọ, irú ìró tí ẹnu máa ń dá bí wọ́n bá fẹnu kan ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Baba Onígíláàsì gbà á, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn. Kò yìn ín, kò bú u.

"Kí ló dé tó o fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí?"

"Màmá mi ní iṣẹ́ ọwọ́ kì í..."

"Mi ò bi ìyá ẹ."

"Bàbá mi náà ní..."

"Bàbá ẹ ò sí níbí. Ìwọ ni mò ń bi."

Alárinà la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó wá a lápá ọ̀tún, ó wá a lápá òsì, bí ẹni tó ń wo inú ilé àti ẹ̀yìnkùlé, bóyá ẹnìkan á fún un ní ọ̀rọ̀ kan kó gbé e dé ọ̀dọ̀ arúgbó yìí. Ó mọ̀ pé bí òun bá jáde níbẹ̀ láìdáhùn, ẹnu ọ̀nà yẹn ni òun ń padà sí, títí irun òun á fi funfun.

Fóònù rẹ̀ dún.

"Gbé e," ni Baba Onígíláàsì wí. "Bóyá inú ẹ̀ ni ìdáhùn wà."

Aunti Ìdílé ni. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Alárinà, jọ̀ọ́. Bàbá ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan. Báwo lo ṣe máa ń gbé irú ẹ̀?"

"Kí ni wọ́n sọ, mà?"

"Wọ́n ní ọwọ́ ìyá ẹ le bí ọkàn ẹ̀, ìdí nìyẹn tí búrẹ́dì fi ń le."

"Èmi kì í gbé ìyẹn."

"Kí lo wá máa ń sọ?"

"Mo máa ń ní, 'Bàbá ní kí ẹ fi yíìsì díẹ̀ kún fúláwà.'"

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́, mà."

"Mo ti sọ ọ́ fún wọn," ni Aunti Ìdílé wí.

"Bó ṣe wà?"

"Bó ṣe wà. Mo fi ìmọ̀lára ṣáájú ẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe wà ni. Mo sì ti sọ ti ìyá ẹ fún bàbá ẹ, ti pé orí wọn ò pé. Wọn ò dúró dè mí mọ́. Ìyá ẹ ti tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ti lọ bá bàbá ẹ níwájú ààrò. Alárinà, wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀."

Alárinà ń gbọ́ wọn lẹ́yìn ohùn Aunti. Ohùn ìyá ló ga jù. "Ẹ̀yin lẹ ní ọkàn mi le? Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́. Ìwọ náà ní orí mi ò pé?"

"Ọjọ́ wo ni orí yín pé? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

"Mo ń sọ ọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́ fún ẹ."

"Èmi náà, ojoojúmọ́ ni."

Ó dà bíi pé àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣírò ohun tí wọ́n ti rán àti ohun tí ó dé.

"Ilé ìwòsàn ńkọ́?" ni Alárinà bi Aunti Ìdílé. "Búrẹ́dì wọn?"

"Àkọ́kọ́ ti ń jó. Èéfín ti ń jáde. Mo sọ fún wọn, wọn ò gbọ́ mi. Dúró, mo ń gbé fóònù lọ bá wọn. Bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n máa ń gbọ́ tìẹ."

Ìró ẹsẹ̀. Ohùn bàbá wọlé, ó sì rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ti ẹni tó ti ń bá ìjì jà tó wá rí ibi sá sí. "Ṣé ìwọ nìyí? Ọlọ́run ṣé. Gbọ́, sọ fún ìyá ẹ pé..."

"Bàbá mi, wọ́n wà níwájú yín."

"Mo mọ̀. Mò ń wò ó. Sọ fún un."

"Ẹ gbé e fún mi," ni ìyá ń wí lẹ́yìn rẹ̀, "kí èmi náà ráńṣẹ́ sí wọn."

Alárinà gbé ojú sókè. Òkúta ìlọ̀ ti dúró. Baba Onígíláàsì ń wò ó láti òkè awò ojú rẹ̀, kò sì kán an lójú. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò tíì dá ọ̀rọ̀ ẹnìkan padà sí i lẹ́nu rí.

"Ẹ dákun, sà," ó wí sínú fóònù. "Mi ò jẹ́ ẹ. Màmá ń gbọ́ yín. Ẹ̀yin náà ń gbọ́ wọn. Búrẹ́dì ń jó."

Ó pa á. Kò pa ìpè náà nìkan. Fóònù gan-an ló pa, ó sì tì í sínú báàgì.

"Ṣé wọ́n ti parí?" ni Baba Onígíláàsì béèrè.

"Rárá, sà. Èmi ni mo parí."

Arúgbó náà mi orí, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó tún ìbéèrè rẹ̀ bi, kò yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀, bí ẹni tó gbé àga fún àlejò lẹ́ẹ̀kejì.

"Mo fẹ́ràn ẹ̀," ni Alárinà wí.

Ohùn náà kéré. Kò jọ èyí tó fi ń jíṣẹ́ ìyá, kò jọ èyí tó fi ń jíṣẹ́ bàbá. Òun pàápàá wo apá ọ̀dọ̀ ilẹ̀kùn, bóyá ẹnìkan ló wọlé. Nígbà tó rí i pé kò sẹ́nìkan, ó tún un sọ.

"Gíláàsì. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Kò sí ìdí mìíràn."

Baba Onígíláàsì dúró díẹ̀, bóyá ó kù. Kò kù. Ó wá ti férémù náà padà sórí tábìlì níwájú rẹ̀. Gíláàsì kan wà nínú ẹ̀, ihò òfìfo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

"Ojú méjì lènìyàn ní," ó wí. "Mú èkejì."